Bí ẹ ṣe lè kó fọ́tò rélùwéè jọ, kó má di bébà lásán

Mo fẹ́ràn rélùwéè kí n tó mọ ìwé kà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tó ní ọkọ̀ ojú irin 12 nínú, oṣù kan ọkọ̀ kan, mo bá mú sísọ́ọ̀sì, mo gé gbogbo ẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ inú nóòtì, àtìgbà yẹn ni kò ti sí ìwé ìròyìn tó wọlé wa tí mi ò ní kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá rélùwéè kankan wà nínú ẹ̀. Nóòtì yẹn kún, mo bẹ̀rẹ̀ òmíì. Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo máa ń fi wọ́n sí tí n bá fẹ́ sùn.

Mo dàgbà, mo gbàgbé wọn. Ìgbà tí mo tún rí wọn nínú páálí kan, inú mi dùn débi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ni mo jókòó sí, àmọ́ bí mo ṣe ń ṣí wọn lọ ni ara mi ń rọ̀. Gọ́ọ̀mù ti jẹ bébà yẹn, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn ojú ewé kan ti lẹ̀ mọ́ra, bí mo ṣe ní kí n tú wọn ni wọ́n ń ya. Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹyọ kan nínú wọn. Ọkọ̀ dúdú ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń tú èéfín funfun, mo rántí pé mo máa ń wò ó lálaalẹ́, àmọ́ irú ọkọ̀ wo ni, ibo ni wọ́n ti yà á, ọdún wo, kò sí nǹkan kan lára ìwé yẹn tó sọ ọ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn rélùwéè ní kékeré tẹ́ ẹ fẹ́ padà síbẹ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nílé tó ń fi páálí bísíkíìtì ṣe rélùwéè kiri pálọ̀. Ìfẹ́ yẹn ò wọ́n, ohun tó wọ́n ni kí fọ́tò téèyàn kó jọ ṣì lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn 20 ọdún.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ má kó gbogbo ẹ̀. Mo mọ̀ pé bó ṣe máa ń ṣe wá nìyẹn, ojú kì í kúrò lára èyíkéyìí, àmọ́ fọ́tò rélùwéè tó wà láyé yìí ò lóǹkà, tẹ́ ẹ bá ń kó o bó ṣe ń bọ̀, kó tó tó oṣù mẹ́ta fóònù yín ti kún, ẹ ò sì ní lè sọ gbólóhùn méjì nípa ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ mú ohun kan. Ó lè jẹ́ irú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ojú irin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó lè jẹ́ afárá, ó lè jẹ́ téṣàn, ó tiẹ̀ lè jẹ́ iwájú ọkọ̀ nìkan.

Èmi, Garratt ni mo mú. Ọkọ̀ onísítíìmù ni, ìyẹn èyí tí ooru omi tó ń hó ń wà, àmọ́ kò jọ àwọn yòókù rárá. Herbert Garratt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ẹ̀tọ́ sí i lọ́dún 1907, ilé iṣẹ́ Beyer Peacock ní Manchester ló sì ṣe méjì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1909, wọ́n kó wọn lọ sí Tasmania ní Ọsirélíà. Ẹ fojú inú wò ó: bọ́ílà, ìyẹn ìkòkò ńlá tí omi ti ń hó, òun ló wà láàárín lórí férémù, ẹ́ńjìnnì kan wà níwájú, òmíì wà lẹ́yìn, kálukú ní wíìlì tiẹ̀, kálukú sì lè yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fi ń gba ibi tí ojú irin ti kọ́ gan-an kọjá. Torí pé kò sí wíìlì lábẹ́ bọ́ílà yẹn, wọ́n ráyè ṣe é kó sanra dáadáa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ọkọ̀ méjì tó ń ti ara wọn ni.

Tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ bá ṣe é, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ mú. Iwájú ọkọ̀ máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ nínú torí ó dà bí ojú èèyàn. Ẹ fi rélùwéè ayára-bí-àṣá ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ tó gbéra láti Tokyo lọ sí Osaka lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1964, imú ẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí orí ọta ìbọn. Ẹ wá gbé èyí tí wọ́n ń pè ní 500 tó dé lọ́dún 1997 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, imú tiẹ̀ gùn tó mítà 15! Ẹ bi ọmọ náà pé kí ló dé. Nígbà tí eré ọkọ̀ yìí pọ̀ sí i, bó bá ṣe wọ inú ihò òkè, á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú, afẹ́fẹ́ yẹn á sì dún gbòà lẹ́nu ihò tó wà lódì kejì, àwọn tó ń gbé nítòsí ò rímú mí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn, Eiji Nakatsu, tó fẹ́ràn kó máa wo ẹyẹ, rántí ẹyẹ kan tó máa ń já látòkè sínú omi lọ gbé ẹja tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ta, ẹnu ẹyẹ yẹn ni wọ́n wò ṣe imú ọkọ̀ náà. Ọmọ tó bá ti gbọ́ eléyìí, fọ́tò méjì yẹn ò lè bọ́ lọ́kàn ẹ̀ mọ́.

Ó ya, ibi tó dùn jù lọ́dọ̀ tèmi rèé: kíka fọ́tò. Fọ́tò rélùwéè ní ohun tó ń sọ, àfi kéèyàn mọ ibi tó yẹ kó wò.

Ẹ kọ́kọ́ ka wíìlì. Tó bá jẹ́ onísítíìmù, ẹ máa rí wíìlì kéékèèké níwájú, ẹ máa rí àwọn ńláńlá láàárín tí ọ̀pá irin so pọ̀ mọ́ra, ó sì lè tún ku kéékèèké lẹ́yìn lábẹ́ ibi tí dírẹ́bà máa ń wà. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni fọ́tò máa fi hàn yín, torí náà iye tẹ́ ẹ bá kà, ẹ sọ ọ́ di méjì-méjì. Ẹ rí 2 níwájú, 3 láàárín, 1 lẹ́yìn, 4-6-2 nìyẹn. Tí kò bá sí kékeré níwájú, ẹ kọ 0 síbẹ̀. Wíìlì ọkọ̀ tó gbé èédú àti omi tó so mọ́ ọn lẹ́yìn ò sí nínú ìṣirò o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í kà. Frederick Whyte ló gbé ọ̀nà kíkà yìí jáde, láti nǹkan bí ọdún 1900 ni wọ́n sì ti ń lò ó. 4-6-2 ń jẹ́ Pacific, 2-8-2 ń jẹ́ Mikado. Ti Garratt, ẹ ka ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi + sáàárín. Tẹ́ ẹ bá wá pàdé 4-8-8-4, ìyẹn èyí tó ní ọ̀wọ́ wíìlì ńlá méjì, ẹ dìde dúró, Big Boy nìyẹn, 25 péré ni wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ rélùwéè Union Pacific ní Amẹ́ríkà láàárín 1941 sí 1944, wọ́n tún ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ 4014 ṣe, ó sì tún padà sórí irin lọ́dún 2019.

Ti ọkọ̀ dísù àti oníná ò le. Ọkọ̀ oníná lè ní apá irin lórí tó ká bí orúnkún tó ń kan wáyà lókè, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ọ̀rọ̀ ti tán. Tẹ́ ẹ bá rí i kọ pé Bo-Bo, ó túmọ̀ sí pé férémù wíìlì méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá wíìlì méjì, Co-Co jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta, "o" tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ń sọ pé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́tò tiẹ̀.

Lẹ́yìn wíìlì, nọ́ńbà. Nọ́ńbà lè sọ ọjọ́ orí fọ́tò fún yín. Ẹ mú Flying Scotsman, ọkọ̀ onísítíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ó jáde ní Doncaster lọ́dún 1923 pẹ̀lú nọ́ńbà 1472, ọdún tó tẹ̀ lé e ó di 4472, lọ́dún 1946 ó jẹ́ 502, ó tún jẹ́ 103, nígbà tó wá dọwọ́ ìjọba ó di 60103 láti 1948. Torí náà tẹ́ni kan bá mú fọ́tò wá tó ní ọdún 1935 ni wọ́n yà á, tí nọ́ńbà 60103 wà lára ẹ̀, ẹ mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, nígbà tí wọ́n tà á lọ́dún 1963, ẹni tó rà á tún kun ún padà sí 4472, fún ìdí yìí nọ́ńbà àtijọ́ nìkan ò tó láti sọ pé fọ́tò ti pẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ wo aṣọ àwọn tó dúró nílẹ̀, ẹ wo mọ́tò tó bá wà nítòsí, ẹ wo bóyá fọ́tò náà ní kálà.

Tàbí Mallard, nọ́ńbà 4468, òun ló sáré dé kìlómítà 203 ní wákàtí kan lọ́jọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1938, kò sì sí onísítíìmù tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó tíì sáré jù ú lọ. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo òkè wíìlì irú ọkọ̀ yìí bí ìgbà tí wọ́n ró aṣọ fún un. Nígbà ogun àgbáyé kejì wọ́n yọ ọ́ kúrò torí pé kì í jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì rí abẹ́ ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ẹ gbé fọ́tò irú ọkọ̀ yẹn méjì sílẹ̀, èyí tó ró aṣọ àtèyí tí kò ró, ogun ló wà láàárín wọn.

Fọ́tò tí mo fi kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí wọ́n ṣe ń ka fọ́tò ni èyí tí Andrew J. Russell yà lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1869 ní Promontory Summit ní Utah, ọjọ́ tí ojú irin tó ń bọ̀ láti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà pàdé èyí tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Ọkọ̀ méjì kojú síra wọn, àwọn ọkùnrin gun orí wọn, méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ láàárín, àwọn kan na ìgò ọtí sókè. Ọmọ yẹn wo àwọn èèyàn títí, mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, kó wo páìpù èéfín. Ó pariwo! Èyí tó wà lápá òsì, Jupiter, páìpù tiẹ̀ fẹ̀ lẹ́nu bí àrọ ńlá, ti ọ̀tún tó ń jẹ́ 119 ṣe gbọọrọ, ó dúró ṣánṣán. Igi ni Jupiter ń jó, iná igi sì máa ń ta pàrà-pàrà, inú páìpù fífẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń mú ẹta iná kó má bàa dáná sun igbó. Èédú ni 119 ń jó, kò nílò gbogbo ìyẹn. Lẹ́yìn náà mo ní kó wá àwọn ará China tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ òkè tí wọ́n sì tẹ́ irin yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, ó wá wọn wá wọn, kò rí wọn nínú fọ́tò yẹn. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ tó ń kó fọ́tò jọ mọ ìyẹn náà, pé ẹni tí kò sí nínú fọ́tò lè jẹ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù. Ẹ fi eléyìí kún un: tẹ́ ẹ bá rí Jupiter nínú fọ́tò tó ní kálà, kì í ṣe òun gan-an, wọ́n ti gé òun àti 119 tà bí irin àlòkù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwòkọ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ibo lẹ ti máa rí fọ́tò? Kàlẹ́ńdà àtijọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́, káàdì ìkíni, sítáǹbù, páálí àwọn àgbà nínú ẹbí, pàápàá tẹ́ni kan nínú wọn bá ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì jókòó ti wọ́n tí wọ́n bá ń ṣàlàyé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, torí ohun tó wà lẹ́nu wọn ju ohun tó wà nínú fọ́tò lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Wikimedia Commons, ìkànnì tí wọ́n ń kó fọ́tò sí, ni mo fẹ́ràn jù, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á àti àyè tó fún èèyàn láti lò ó sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e. Ẹ má ya ojú ewé kúrò nínú ìwé tó pé, mo ṣe é rí, ó ṣì ń dùn mí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa ya tiyín, ọ̀rọ̀ ààbò ló ṣáájú, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ dúró sí ibi tí wọ́n fàyè gba èèyàn, lẹ́yìn ìlà lórí pèpéle, tàbí lórí afárá, tàbí lóde ọgbà tí wọ́n fi wáyà ṣe. Ẹ ò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí irin láéláé, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 160 ní wákàtí kan, tí dírẹ́bà bá fọ búréèkì, á ṣì lọ ju kìlómítà kan kó tó dúró, ọkọ̀ oníná òde òní ò sì pariwo, ó lè dé ẹ̀yìn èèyàn kó tó gbọ́. Wáyà iná tó wà lókè ojú irin, iná 25,000 volt ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn, iná yẹn lè fò gba inú afẹ́fẹ́ mú ọ̀pá tẹ́ ẹ bá nà sí i láìfara kàn án, torí náà kò sí ọ̀pá sẹ́lífì, kò sí díróònù. Ẹ sì pa filáàṣì, ojú dírẹ́bà ló máa lọ.

Tìyẹn bá ti yanjú, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ lè ka wíìlì lẹ́yìn ọ̀la. Tó bá ń sáré, ẹ ṣètò kámẹ́rà kó yà á láàárín 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, fóònù ẹ jẹ́ kó yà á léraléra. Ohun kan wà tí àwọn tó ń ya onísítíìmù máa ń wá, pé kí ọ̀pá irin tó so àwọn wíìlì ńlá pọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò tún ní fẹ́ràn fọ́tò tí ọ̀pá ti wà lókè mọ́, ọkọ̀ máa ń dà bí ẹni tó kúnlẹ̀ de eré nígbà tí ọ̀pá bá wà nísàlẹ̀. Ẹ má sì máa lé àwọn èèyàn kúrò nínú fọ́tò. O. Winston Link, tó ya onísítíìmù ilé iṣẹ́ rélùwéè Norfolk and Western ní Amẹ́ríkà láàárín 1955 sí 1960 lóru, tó to gílóòbù filáàṣì rẹpẹtẹ kó lè rí ọkọ̀ dúdú nínú òkùnkùn, èèyàn ló kún fọ́tò ẹ̀: àwọn tó ń wẹ̀ lódò, àwọn tó jókòó nínú mọ́tò ń wo sinimá tí rélùwéè ń fi èéfín funfun kọjá lẹ́yìn wọn. Ohun tó jẹ́ kí n máa padà síbẹ̀ nìyẹn.

Ó wá ku kíkọ, èyí tí èmi ò ṣe. Ẹ lo pẹ́ńsùlù tó rọ̀, ẹ̀yìn fọ́tò, létí, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má lo báírò torí ó máa ń hàn síwájú. Ẹ kọ irú ọkọ̀, nọ́ńbà, iye wíìlì, ibi, ọjọ́, ibi tó ń lọ, ẹni tó yà á, ẹni tó fún yín. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, kì í ṣe ìparí ọ̀sẹ̀, torí ìparí ọ̀sẹ̀ yẹn kì í dé.

Ti ìpamọ́ ò gùn. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù, ẹ má lo sẹ́lótéèpù, ẹ má ra álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé ẹ̀ máa ń lẹ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ló ń jẹ fọ́tò. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pè ní PVC, tó máa ń rùn bíi rọ́bà tuntun, ò dáa, èyí tí wọ́n kọ polypropylene sí lára ló dáa, àti bébà tí kò ní ásíìdì. Ẹ gbé e jìnnà sí oòrùn àti ibi tó ní ọ̀rinrin. Ẹ fi sikánà gbé wọn ní 600 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó), ẹ fi ọdún bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, bíi 2024-03-09, kí nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tẹ̀ lé e, wọ́n á to ara wọn. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí ọ̀kan má sí nínú ilé.

Ní ti àwọn nóòtì mi àtijọ́ yẹn, mi ò jù wọ́n nù. Mo ra awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo ń mú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, mo ń ka wíìlì. Ọkọ̀ dúdú tó ń tú èéfín funfun yẹn, ọjọ́ Sátidé kan ni mo kà á tán, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà: Garratt ni. Òun ni mo máa ń wò lálaalẹ́ látọjọ́ yìí tí mi ò mọ̀. Gọ́ọ̀mù ti lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ìwé, mi ò lè kọ nǹkan sí i, torí náà mo gé bébà kékeré kan, mo fi sí abẹ́ ẹ̀, pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́: "Garratt, 4-8-2+2-8-4. Nọ́ńbà ò hàn. Ibi àti ọdún: mi ò tíì mọ̀." Mo kọ déètì ọjọ́ yẹn síbẹ̀, mo ṣí ojú ewé kejì.